Ikú Ọmọ Ẹni, Ìwòsàn Ọmọ Ẹlòmíràn

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí a fi ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú: « Omi ló dànù, agbè kò fọ́. » Òwe náà dára. Ó ń sọ fún obìnrin náà pé òun ṣì wà láàyè, pé ẹni tí agbè rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ lè padà lọ sí odò. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, kò sí agboolé tí a kò ti gbọ́ ọ rí. Àwa pẹ̀lú ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn láìmọye ìgbà.

Kí ni a ó wá wí fún ìyá tí àwọn dókítà bá sọ fún pé inú agbè gan-an ni ohun tí ó da omi nù ti wá?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. A ti bá a pàdé lójúkojú, a sì fẹ́ gbé e yẹ̀ wò níhìn-ín pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí ó so mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí: nígbà tí àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n bá mú ẹni tí a fẹ́ràn lọ, kí ni ó tọ́ kí àwa tí ó kù ṣe? Ṣé kí a dákẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa ti là á sílẹ̀ fún ọ̀fọ̀ ọmọdé? Tàbí kí a sọ̀rọ̀ síta, kí a yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wa, owó wa àti ìtàn ilé wa fún àwọn olùwádìí, kí ọmọ tí a kò mọ̀ lè yè ní ọjọ́ tí a kò ní sí láyé mọ́?

Ọmọ tí a ní lọ́kàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nígbà tí ó wọ ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó ń pọ̀n ọ́n láti ibi tí zémidjan bá já wọn sí, tí ó sì ń gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó gbọ́n. Ó mọ ìṣirò ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ràn láti máa tún èdè Faransé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, èyí tí kò jẹ́ kí gbogbo wọn fẹ́ràn òun náà. Ìyá rẹ̀ ròyìn fún wa pé ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rìn, ṣùgbọ́n ó rìn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 4 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láìsí ohun tí ó kọ̀. Bí ó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, yóò fi ọwọ́ ti orúnkún, yóò fi ti itan, yóò máa gun ara rẹ̀ lọ sókè bí ẹni tí ń gun ọ̀pẹ. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, ó sì le, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí ó jọ agbára yẹn gan-an ni àmì àrùn náà. Ó kú ní ọmọ ọdún 16. Èémí ni ó kọ́kọ́ ń tán nínú rẹ̀ lóru, lẹ́yìn náà ọkàn rẹ̀ kọ iṣẹ́.

Àrùn náà ní orúkọ. Àwọn Faransé ń pè é ní myopathie de Duchenne, nítorí Duchenne, dókítà ará Boulogne, tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Ọmọkùnrin kan nínú nǹkan bí 3 500 sí 5 000 tí a bí ni ó ń mú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé: ara ọmọ náà kò lè ṣe èròjà kan tí a ń pè ní dystrophine, èyí tí ó máa ń di iṣan mú kí ó má baà ya nígbà tí a bá ń lò ó. Láìsí i, gbogbo ìgbésẹ̀ tí ọmọ náà bá gbé ni ó ń ba iṣan rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìlànà tí ara fi ń ṣe èròjà yìí, ìyẹn jíìnì rẹ̀, wà lórí okùn àjogúnbá tí a ń pè ní X. Ọmọbìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì sábà máa ń gbà á sílẹ̀. Ọmọkùnrin ní ẹyọ kan péré, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti gbà á.

Níbi gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́.

Kí dókítà tó sọ orúkọ àrùn náà, àwọn ẹbí ọkọ ti ń wí pé ìyá ni ó ń jẹ ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n ti gbé ọmọ náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn onífá, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún un. Ìyá náà ti gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Nígbà tí wọ́n wá rí owó lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá, tí oníṣègùn sì ṣàlàyé pé láti ọ̀dọ̀ ìyá ni jíìnì náà ti wá, ìyá ọkọ kò jiyàn rárá. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní: « Ṣé a kò ti wí bẹ́ẹ̀? Àwọn òyìnbó náà ti rí i. »

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí a rò pé ibí ni ìṣòro gidi wà. A máa ń sọ pé àìmọ̀ ni ó ń bí ẹ̀sùn àjẹ́, pé bí ìmọ̀ bá dé, ẹ̀sùn yóò lọ. Àwa olùkọ́ ni a tilẹ̀ ń sọ ọ́ jù, nítorí pé orí rẹ̀ ni oúnjẹ wa wà. Ṣùgbọ́n ní ojú wa kòrókòró, ìmọ̀ dé, ẹ̀sùn kò lọ. Ṣe ni ó gba aṣọ ìmọ̀ náà wọ̀, tí ó sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kọ sínú ìwé. Etí tí ó gbọ́ ọ ni ó ti ní ẹjọ́ tí ó fẹ́ dá tẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàrin ọ̀nà tí nǹkan gbà kọjá àti ẹni tí ó fa nǹkan. Ẹni tí ó pọn omi wá láti odò kọ́ ni ó dá kòkòrò inú omi. Obìnrin yìí gba X rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí tirẹ̀ láìbéèrè, bí olúkúlùkù wa ti gba ojú àti imú. Ó tún kù: ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí ó ní àrùn Duchenne, ìyá kò tilẹ̀ ní àbùkù kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ ni àṣìkọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, bí ìgbà tí akọ̀wé tí ń da ìwé kọ bá fo lẹ́tà kan. A ya gbogbo èyí sára pátákó ìkọ̀wé fún bàbá ọmọ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Ó wò ó pẹ́. Ó wá béèrè pé: « Olùkọ́, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni kí n bínú sí? »

A kò ní ìdáhùn fún un, a kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ní in. Ohun tí ó ṣòro jù nínú òtítọ́ irú èyí nìyí: ó gba ọ̀daràn kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀tá ní iṣẹ́ tí yóò ṣe láàárọ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀tá, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Lójú tiwa, nínú ṣíṣófo ọwọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ìwádìí ti wọ ilé ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe láti inú ìfẹ́ ìmọ̀ lásán.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1958, ìyá kan tí ń jẹ́ Yolaine de Kepper, tí mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní àrùn yìí kan náà, kó àwọn òbí mìíràn mọ́ra, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè lónìí ní Association française contre les myopathies. Ní àkókò náà, kò sí ohun púpọ̀ tí dókítà lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju kí ó máa wò ó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Bernard Barataud di ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Alain ọmọ rẹ̀ kú ní 1986. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Téléthon àkọ́kọ́ kalẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, owó tí wọ́n rí kó jọ sì tó mílíọ̀nù 181 fàráǹkì ti ayé ìgbà náà.

Ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe ni ó yà wá lẹ́nu jù. Wọn kò fi gbogbo rẹ̀ wá oògùn àrùn tí ó pa ọmọ wọn. Ní 1990, wọ́n dá ilé ìwádìí Généthon sílẹ̀ ní Évry, nítòsí Paris, nígbà tí ó sì di 1992, àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán-ilẹ̀ jíìnì ènìyàn jáde, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ìyẹn ni pé wọ́n ya ojú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí ó ń lọ. Ní 1995, Judith Melki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris rí jíìnì tí ó ń fa àrùn mìíràn tí a ń pè ní amyotrophie spinale, èyí tí irú rẹ̀ tí ó le jù máa ń pa ọmọ-ọwọ́ kí ó tó pé ọdún 2. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Zolgensma, oògùn kan fún àrùn náà tí a ń fà sára ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ àwọn olùwádìí Généthon sì wà lára ohun tí ó la ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò bá ti sí mọ́ ń jókòó fúnra wọn lónìí; òmíràn ń rìn.

Ní ti àrùn Duchenne, kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó sàn pátápátá. Àwọn kan wà tí ó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ń ran èémí lọ́wọ́ sì ń jẹ́ kí àwọn tí ó ní in pẹ́ sí i láyé, níbi tí ẹ̀rọ náà bá wà.

Bàbá kan sọkún ọmọ rẹ̀, ó gbin igi. Igi náà so, ọmọ ẹlòmíràn ni ó jẹ ẹ́, ọmọ tí àrùn tirẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Àwọn baba wa mọ nǹkan tí ó fara jọ èyí nínú oko obì, nítorí ẹni tí ó gbin obì kì í sábà jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko obì, ọmọ ẹni ni yóò jogún rẹ̀. Níbí, ọmọ tí ì bá jogún ni ó ti lọ. Ohun tuntun ni èyí, ó sì yẹ kí a gbà láìtijú pé àṣà wa kò ní àyè kan tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún un.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò béèrè ohun tí ó pa òkú. Wọ́n béèrè. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kú tẹ̀lé ara wọn nínú ilé kan, wọ́n máa ń fi àmì sí ara òkú àbíkú kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi ojú ìkà nìkan wo àṣà yìí, a kò sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó fi àmì sára òkú ń wá ẹ̀rí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ikú ti òní àti ikú ti àná jẹ́ ọ̀kan náà; ó fẹ́ kí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ kọ́ òun ní nǹkan nípa èyí tí ń bọ̀. Ìwádìí ni, ẹnu ọ̀nà ilé ni ó kàn parí sí. Ìdáhùn tí ìdílé kan bá rí gbà, ti ìdílé náà nìkan ni. Kò sí ẹni tí ó ń kó ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan jọ láti Kétu dé Atakpamé kí ó wò bóyá wọ́n jọra. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá à bá ti tètè rí ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ lónìí: pé púpọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú lè jẹ́ ọmọ tí fọ̀níkú-fọ̀ladìde pa, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní drépanocytose ní Faransé.

Àrùn ẹ̀jẹ̀ yìí wúlò fún ìdí mìíràn nínú ọ̀rọ̀ wa. Ní Yúróòpù, òfin sọ pé àrùn tí kò bá mú ju ènìyàn 5 lọ nínú 10 000 ni àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ilẹ̀ Faransé ka drépanocytose mọ́ irú wọn. Ẹ bá wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò! Kò sí kíláàsì kan tí a ti kọ́ni rí tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀ tí ìrora eegun ń dá dúró sílé ní àkókò ọyẹ́. Àrùn kì í ṣọ̀wọ́n fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹni tí ń kà á dúró sí ni ó ń mú un ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé kí a fi owó kékeré tí a ní gbógun ti ibà, kí a fi àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ìjọba tí ó ní àpò kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra àwọ̀n ẹ̀fọn. A kò ní bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kan náà ni wọ́n fi kà wá nígbà kan. Ní 1910 ni dókítà Herrick ní Chicago ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ onírísí dòjé yìí. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ni àbùkù náà wà. Láti ọjọ́ náà, ó pé ọ̀pọ̀ ọdún kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nítorí pé ibi tí owó wà, àwọn tí ó ní àrùn náà kò pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìwádìí ní nǹkan. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn olùwádìí ń tọpa ibi tí jíìnì àrùn yìí ti pilẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n rí oríṣi mélòó kan, wọ́n sì fi orúkọ orílẹ̀-èdè wa pe ọ̀kan nínú wọn: haplotype Bénin. Lónìí, àwọn dókítà ń bá a pàdé ní Jàmáíkà àti ní Amẹ́ríkà, lára àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó gba Uidah àti Èkó kọjá sí òkèèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ní Ìbàdàn, ènìyàn 90 láti ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún iṣẹ́ àgbáyé tí a ń pè ní HapMap, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Níbi gbogbo tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ jíìnì ènìyàn, lẹ́tà mẹ́ta, YRI, ni ó dúró fún àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyí. A kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Kì í ṣe àrùn kan pàtó ni a torí rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fún ẹni tí wọn kò mọ̀, nítorí ohun tí wọn kò mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Kí ni ó padà wá? Ní òpin ọdún 2023, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tí ń tún jíìnì ṣe fún àwọn tí ó ní drépanocytose. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2,2 dọ́là. Zolgensma náà ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju bílíọ̀nù kan owó CFA lọ. Bí ẹnìkan nínú àwọn òǹkàwé wa bá bínú níbí, kí ó bínú, ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ìbínú rẹ̀ gbé ìparí èrò tí kò tẹ̀lé e. Pé èrè kò padà wá kò fi hàn pé ẹ̀bùn náà burú. Ó fi hàn pé ẹni tí ó gba ẹ̀bùn jẹ gbèsè. Gbèsè ni ó yẹ kí a máa bi í, kí àwọn ìjọba wa sì máa bi í pẹ̀lú wa, kì í ṣe kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Àti pé ìwádìí kì í ṣe ti bílíọ̀nù nìkan. Ní Kútọnu, láti àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Cherif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá tètè mọ ọmọ tí ó ní drépanocytose, bí a bá fún un ní àjẹsára, tí a dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, tí a sì kọ́ ìyá rẹ̀ ní àmì ewu, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò yè. Ní Pọ́bẹ̀, láàrin àwọn Ọ̀họ̀rí àti àwọn Nàgó, ilé ìwòsàn kan wà láti 2003 fún egbò Buruli, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Fondation Raoul Follereau. Àrùn náà máa ń jẹ awọ ara, àwọn ọmọdé tí ń gbé nítòsí àbàtà ni ó sì ń mú jù. Tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń lo oògùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, abẹ́rẹ́ tí ń dùnni tí ó sì lè ba etí jẹ́. Ní Pọ́bẹ̀ ni àwọn aláìsàn 30 ti gbà kí a dán oògùn alámumi méjì wò lára wọn dípò abẹ́rẹ́ náà. Ara wọn yá. Oògùn alámumi méjì yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn lónìí. Àwọn 30 yẹn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ẹ lè ti bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní ọjà Pọ́bẹ̀, kí ẹ má sì mọ̀ pé ó wà lára ìdí tí ọmọ kan ní Ghana kò fi gba abẹ́rẹ́ mọ́.

Ṣé ó wá di ọ̀ranyàn fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ láti ti ìwádìí lẹ́yìn? A rò pé rárá. Àwọn kan ń sọ pé bí o kò bá sọ̀rọ̀ síta, ikú ọmọ rẹ di asán. Ọ̀rọ̀ líle ni, a kò sì fẹ́ ẹ. Àṣà tí kì í jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ojú ibojì ọmọ wọn kò ti inú àìnífẹ̀ẹ́ wá. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ojú kan wà tí kò yẹ kí a fi agbára mú ènìyàn padà sí. A ti wo àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n kan níbi tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà dúró ti omijé ìyá kí owó lè wọlé, ara wa kò sì balẹ̀. Barataud yàn láti sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn lè yàn láti dákẹ́. Kò sí èyí tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju èkejì lọ. Ọ̀ranyàn náà wà lórí àwa tí ó wà láyìíká: kí a fún àrùn ní orúkọ rẹ̀, kí a lé ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn ìyá, kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Ẹni tí kò ṣọ̀fọ̀ ni ó ní agbára láti ru ẹrù yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó kù, òun ni ó sì le jù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ọmọ náà kú, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé bí ó bá fẹ́, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ òun àti ti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkèèrè fún àyẹ̀wò àti fún ìwádìí. Ẹbí ọkọ kọ̀. Wọ́n ní a kò mọ ohun tí òkèèrè ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. A kò lè sọ pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀rù tí ó ní ìtàn lẹ́yìn ni. Ìdí kejì tí wọ́n kò sọ jáde ni èyí tí ó dùn wá jù: bí ìlú bá gbọ́ pé àwọn ọmọbìnrin náà gbé nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀, ta ni yóò fẹ́ wọn?

Ìyá náà béèrè èrò wa. A sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fún un ní àṣẹ tàbí kí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọ kékeré, ọmọ ọdún 9, kì í ṣe ti ìyá láti fi tọrẹ, kì í sì í ṣe ti ẹbí láti dì mú. Kí a jẹ́ kí ó dàgbà. Ìmọ̀ yẹn kò ní ràn án lọ́wọ́ nísinsìnyí, ó sì lè máa wúwo lé e lórí kí ó tó mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Ti ẹ̀gbọ́n, tí ó ti pé ọdún 19, òun fúnra rẹ̀ ni kí a bi. A bi í. Ó béèrè bóyá yóò ṣe àbúrò òun ní àǹfààní. A ní rárá. Ó béèrè bóyá àwọn tí yóò ka èsì náà yóò mọ orúkọ òun. A ṣàlàyé bí a ti ń fi nọ́ńbà dípò orúkọ. Ó ní òun yóò fún wọn, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ èsì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé, àfi ọkùnrin tí yóò fẹ́ òun, kí ó tó fẹ́ òun, bí òun bá rí i pé ó lè gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ohun tí àwa ọ̀mọ̀wé ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, a kò gbọ́ èyí tí ó mú ààlà láàrin ìdákẹ́jẹ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀.

Èdè wa ṣì jẹ wá ní nǹkan kan níbí. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn yìí ní Yorùbá, a kò rí orúkọ kankan fún un. Wọ́n dábàá « ayọ́ṣan », nítorí pé ó ń yọ́ iṣan, a sì ń lò ó ní kíláàsì. Èyí tí ó ṣòro jù ni orúkọ ẹni tí jíìnì wà lára rẹ̀ tí kò ṣàìsàn. Àwọn Faransé ń pè é ní porteuse, obìnrin tí ó ń ru nǹkan. Bí a bá sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ẹ̀sùn yóò tún gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnìkan dábàá « agbàkọjá », ẹni tí nǹkan gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó tẹ́ wa lọ́rùn díẹ̀, kì í ṣe pátápátá. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju méjèèjì lọ, pàápàá ẹ̀yin àgbà Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò, ẹ kọ wọ́n ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí, kí a lè tẹ̀ wọ́n jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní èdè Faransé.